Ìbẹ́pẹ Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Ìbídùn

Ọkùnrin àgbàlagbà kan ń gbé ní ìlú kan tí ojú irin gbà kọjá. Iṣẹ́ rélùwéè ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìntì, ilé tó sì kọ́ kò jìnnà sí ojú irin, nítorí ó ní oorun kì í kun òun bí òun ò bá gbọ́ kí ọkọ̀ fọn fèrè. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìbídùn, ti kú. Láti ìgbà náà, òun nìkan ló kù nínú ilé. Ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó gbé àga dí i, kò sì ṣí i mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè, á ní ejò ló pọ̀ níbẹ̀. Ejò kankan kò sí níbẹ̀. Ọgbà tí ìyàwó rẹ̀ máa ń dá ló wà níbẹ̀, kò sì fẹ́ rí i.

Oúnjẹ rẹ̀ kò le. Búrẹ́dì àti tíì ló ń jẹ láàárọ̀, búrẹ́dì àti tíì náà ló tún ń jẹ lálẹ́.

Ó wá ṣe, Ìbídùn ọmọ rẹ̀ lóyún, oyún náà sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Dókítà dá a dúró sí ọsibítù ní ìlú mìíràn, ó ní kò gbọdọ̀ ṣe wàhálà, kò sì gbọdọ̀ ronú títí á fi bímọ. Ọkọ Ìbídùn gbé àkọ́bí wọn, Àwẹ̀ró, wá bá bàbá àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni.

Nígbà tí bàbá ọmọ náà wọkọ̀ padà, Àwẹ̀ró sunkún títí ohùn rẹ̀ fi ha. Bàbá àgbà gbé e káàkiri ilé. Ó fẹnu fọn fèrè rélùwéè fún un. Ẹkún kò dá. Ló bá sáré ra bisikíìtì ní ìsọ̀ ìtòsí, ẹkún sì dá. Ó po mílíìkì sínú ife, ọmọ náà mu ún, ó rẹ́rìn-ín. Inú bàbá àgbà dùn débi pé òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti dún nínú ilé yẹn.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Bí ọmọ náà bá pe ìyá rẹ̀, bisikíìtì dé. Bí ó bá ta ẹ̀fọ́ nù kúrò lórí ìrẹsì, bàbá àgbà á ṣa èyí tó kù kúrò fún un. Bí ó bá jí láàárọ̀, mílíìkì ni. Bí ó bá fẹ́ sùn, mílíìkì ni. Bàbá àgbà gbà lọ́kàn rẹ̀ pé òun ń tọ́jú ọmọ ọmọ òun dáadáa.

Kò pẹ́ tí Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í sá pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì. Á di kọ́tìnì mú, á fún ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, òógùn á máa bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá àgbà rò pé eré ni. Àmọ́ inú ọmọ náà ń le, kò sì fẹ́ jẹun mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá àgbà gbé e jókòó lórí póò. Ọmọ náà figbe ta.

"Ó ń dùn mí! Mi ò yà mọ́! Mi ò yà mọ́!"

Ìgbẹ́ tó já bọ́ kéré, ó gbẹ, ó le bí òkúta wẹ́wẹ́. Nígbà tí bàbá àgbà nù ún nídìí, ó rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ó mú fóònù kó pe Ìbídùn, ó rántí ohun tí dókítà sọ, ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó fa aṣọ kan yọ nínú àpótí, ó gbé ọmọ náà pọ̀n.

Ọkùnrin yìí kò pọnmọ rí láyé rẹ̀. Ìyá Ìbídùn ló pọn gbogbo ọmọ wọn. Nígbà tó dé ojú ọ̀nà, aṣọ náà ti ń tú, ọmọ ti ń yọ̀ sísàlẹ̀. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ níwájú ilé rẹ̀ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wá tún ọmọ náà pọ̀n fún un. Kò bi í ní ohunkóhun. Ó kàn ní, "Ẹ rọra o, bàbá."

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tó dá wọn lóhùn fọwọ́ tẹ inú ọmọ náà wò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí bàbá àgbà.

"Bàbá, kí ni ọmọ yìí máa ń jẹ?"

"Ohun tó bá ṣáà ti fẹ́ ni, nọ́ọ̀sì. Mi ò fi oúnjẹ dù ú."

"Kí ló máa ń fẹ́?"

Bàbá àgbà dárúkọ bisikíìtì, ó dárúkọ búrẹ́dì, ó dárúkọ ìrẹsì funfun àti mílíìkì.

"Omi ńkọ́?"

"Mílíìkì ló ń mu."

Nọ́ọ̀sì náà kò bá a wí. Ó ní, "Àwọn oúnjẹ yìí ò burú, bàbá, àmọ́ tó bá jẹ́ àwọn nìkan lọmọ ń jẹ, ìgbẹ́ rẹ̀ ò ní rọ̀. Mílíìkì ti kún inú rẹ̀ dẹ́nu, ebi oúnjẹ gidi ò lè pa á. Ìgbẹ́ wá le, ó dùn ún nígbà tó fẹ́ yà á. Ní báyìí ẹ̀rù ń bà á, ló bá ń mú un mọ́ra. Bó bá sì ṣe ń mú un mọ́ra tó, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa le sí i."

Ó fún wọn ní oògùn tó máa rọ ìgbẹ́ náà. Ó ní kí bàbá àgbà má ra oògùn ìyàgbẹ́ mìíràn nígboro, kó dín mílíìkì kù, kó máa fún ọmọ ní omi, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso tó pọ́n. Ó ní lẹ́yìn oúnjẹ, kó máa gbé e jókòó sórí póò, láìkánjú àti láìpariwo. "Bí inú rẹ̀ bá wú, tó ń bì, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ náà ò dáwọ́ dúró, ẹ tètè gbé e padà wá."

Bàbá àgbà ra ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lọ́nà ilé. Ó sè é, ó bù ú síwájú Àwẹ̀ró, ó sì bu tíì tirẹ̀, ó gé búrẹ́dì tì í. Ọmọ náà ti àwo náà kúrò níwájú rẹ̀. Bàbá àgbà dá a padà. Ọmọ náà tún tì í. Fún ìgbà àkọ́kọ́, bàbá àgbà gbóhùn sókè.

"Àwẹ̀ró! Jẹun!"

Ètè ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó wo ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, ó wo búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ bàbá àgbà. Ó bi í pé, "Ẹ̀yin ńkọ́?"

Bàbá àgbà wo búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀.

Ó wá ń rántí. Ó rántí ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní kékeré, tó máa ń tibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú òórùn epo ẹ́ńjìnnì lára aṣọ. Ìyá Ìbídùn á ti wà nínú ọgbà, á ti ká ìró rẹ̀ sókè dé orúnkún, á máa já ẹ̀fọ́ sínú agbọ̀n. Á la ìbẹ́pẹ, á fi ṣíbí ha kóró rẹ̀ dànù, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lórí nínú abọ́ tánganran. Gbogbo wọn á jókòó yí abọ́ kan ká lórí ẹní. Ìyá Ìbídùn ló ń kọ́kọ́ jẹ nínú oúnjẹ kó tó fún ọmọ. Á mi orí bí ẹni pé kò tíì jẹ irú rẹ̀ rí, àwọn ọmọ á máa jà du èyí tó kù. Bí rélùwéè bá ń kọjá, abọ́ á máa gbọ̀n, wọ́n á fọwọ́ dì í mú, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yìí kò rántí pé ọmọ wọn kankan sunkún ìgbẹ́ rí. Oúnjẹ tó dùn nìkan ló mọ̀ nígbà náà. Kò mọ̀ pé ìtọ́jú ni obìnrin náà ń ṣe.

Ó dìde. Ó gbé àga kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó di Àwẹ̀ró lọ́wọ́ mú, ó ṣílẹ̀kùn.

Koríko ti bo gbogbo ibẹ̀. Àmọ́ gbúre ṣì ń hù láàárín koríko, ó ń dán, láìsí ẹni tó ń bomi rin ín. Igi ìbẹ́pẹ tí Ìyá Ìbídùn gbìn ti ga, ẹyẹ ti jẹ díẹ̀ lára èso rẹ̀, àwọn kan sì ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú lókè. Bàbá àgbà wá igi gígùn kan, ó já ọ̀kan. Ó là á níbẹ̀, ó jókòó sórí òkúta, ó gé e sẹ́nu.

Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé ó ta yín lẹ́nu ni?" Àwẹ̀ró béèrè.

"Rárá o. Ó dùn ni."

Ọmọ náà wò ó títí. Ó na ọwọ́. "Ẹ fún mi."

Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni gbogbo rẹ̀ tán o. Ọmọ náà ṣì sunkún nítorí bisikíìtì, bàbá àgbà sì ní láti fara da ẹkún náà, èyí tó nira fún un ju iṣẹ́ rélùwéè lọ. Ṣùgbọ́n àwo kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ báyìí. Ẹ̀wà lónìí, gbúre lọ́la, ìbẹ́pẹ lẹ́yìn rẹ̀, omi lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Láràárọ̀, bàbá àgbà á gbé àpótí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ póò, á máa sọ ìtàn ìyá àgbà tí Àwẹ̀ró kò bá láyé. Ọmọ náà kò sá sẹ́yìn kọ́tìnì mọ́. Lọ́jọ́ kan, bí ìtàn ṣe ń lọ lọ́wọ́, ó dá bàbá àgbà lẹ́nu dúró.

"Ó ti jáde! Kò dùn mí!"

Bàbá àgbà pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fún. Nígbà tí Ìbídùn bímọ tán, tó wá mú àkọ́bí rẹ̀ padà, ó bá bàbá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé tó ń roko, Àwẹ̀ró sì dúró tì í, ẹnu rẹ̀ pọ́n fún ìbẹ́pẹ. Obìnrin náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tí bàbá rẹ̀ kì í ṣí tẹ́lẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí mo ń sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí fún nítorí ọmọ rẹ tí kì í jẹ ẹ̀fọ́, mo mọ̀ pé o fẹ́ràn ọmọ rẹ. Òun náà fẹ́ràn ti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ẹkún ọmọ bá ń bà lẹ́rù, ohun tó dùn lẹ́nu nìkan ló máa ń fún ọmọ, ara ọmọ ló sì máa ń jìyà rẹ̀. O máa ń sọ fún mi pé oúnjẹ ìyá rẹ dùn, pé ayé ìgbà yẹn dára. Ìyá rẹ kò fi ẹnu sọ pé kí o jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ níwájú rẹ, o sì jẹ tìrẹ. Nítorí náà, nígbà tó o bá délé lónìí, má bi ọmọ náà ní ìdí tí kò fi fẹ́ ẹ̀fọ́. Bu tìrẹ, jókòó tì í, kí o sì máa jẹ.