Aṣọ Alápò

"Àgbàbọ̀ ṣòkòtò kò yẹ ọmọ èèyàn, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu." Kì í ṣe ṣòkòtò nìkan lòwe yìí ń bá wí o.

Bùbá àdìrẹ alápò ńlá ni Fèyíṣará máa ń wọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rán an, ẹ̀pà Mofẹ́ ọmọ rẹ̀ kì í sì í wọ́n nínú àpò náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ Mofẹ́ pe àwọn òbí sí àríyá ìparí ọdún, ojú àpò yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ó yá léèsì olómi wúrà lọ́wọ́ Ìyá Moyọ̀, aládùúgbò rẹ̀.

Ó wọ gbọ̀ngàn, ó ń rọra rìn bí ẹni tó gbé ẹyin. Lójijì, ọmọdé kan dì mọ́ ọn lẹ́yìn. "Màmá mi!"

Fèyíṣará yíjú padà. Moyọ̀ ni. Ọmọ náà wo ojú rẹ̀, ó wo aṣọ, ó figbe ta: "Aṣọ màmá mi nìyí! Kí ló ń ṣe lára yín?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Moyọ̀ sáré wá fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ má bínú, ọmọdé ni." Ẹ̀bẹ̀ yẹn gan-an ló dun Fèyíṣará jù.

Ó fa gèlè bojú, ó lọ fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni Mofẹ́ ti kọjá lára rẹ̀, tí kò dúró, tó lọ bá olùkọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ bá mi rí màmá mi? Aṣọ alápò ni wọ́n máa ń wọ̀."