Òkúta Funfun Lórí Ẹ̀gbin

Àràárọ̀ ni Baba Ṣèyí ń nu àpótí gíláàsì tó ń sin ẹja sí ní pálọ̀, ṣùgbọ́n kò fọ òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Baba Ṣèyí, àjẹkù àti ìgbẹ́ ẹja ti kún inú òkúta yẹn. Á pa wọ́n."

"Ta ló ń wo ìsàlẹ̀?"

Nígbà tí àwọn àna, ìdílé àfẹ́sọ́nà Ṣèyí, ń bọ̀ wá wo ilé tí Ṣèyí ti jáde, Baba Ṣèyí ra òkúta funfun, ó dà á lé ti àtijọ́ lórí.

Àwọn àna dé. Gbogbo ẹja léfòó, wọ́n ń la ẹnu.

Baba Ṣèyí ní, "Ẹ wò wọ́n, wọ́n ń kí yín."

Ọ̀kan yí ikùn sókè.

Ìyá àgbà tó ṣáájú àwọn àna ní, "Èyí ńkọ́? Ó ń dọ̀bálẹ̀ ni?"

Ìyàwó Baba Ṣèyí ki ọwọ́ bọ omi láti yọ òkú ẹja. Òkúta funfun yẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú ru sókè, òórùn gba pálọ̀. Àwọn àlejò fọwọ́ bo imú.

Ìyá àgbà dìde. "Ọ̀pọ̀tọ́ pọ́n rekete, inú rẹ̀ kìkì kòkòrò. Àna wa, ìsàlẹ̀ tẹ́nìkan ò wò yẹn, ibẹ̀ lẹja ń gbé."