Ìdí Tí Wọ́n Fi Ń Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Dísẹ́ẹ̀lì Lábẹ́ Òkun

Nígbà láéláé, kí ọkọ̀ abẹ́ omi tó ní ojú kan ṣoṣo tó gùn bí ọrùn lékèélékèé, kò sẹ́ni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀. Àdéhùn ẹnu lásán ni wọ́n fi ń gbé pọ̀.

Dísẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà, ni ẹ̀gbọ́n. Epo ni oúnjẹ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń mí, ariwo rẹ̀ kò sì kéré. Bí ọkọ̀ bá wà lójú omi, òun ló ń gbé e rìn, òun náà ló ń se iná mànàmáná fún Bátìrì àbúrò rẹ̀. Bátìrì á jẹ iná náà yó. Bí ọkọ̀ bá wọ ìsàlẹ̀ òkun, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti tó, Dísẹ́ẹ̀lì á sùn gẹ́gẹ́ bí àdéhùn, Bátìrì á sì máa gbé ọkọ̀ lọ láìmí, láìpariwo.

Ìdákẹ́jẹ́ yìí gan-an ni kò tẹ́ Dísẹ́ẹ̀lì lọ́rùn. Òun á se oúnjẹ, òun á sùn, bí òun bá jí, àwo ti gbẹ. Ta ló rí ibi tí Bátìrì ti ṣiṣẹ́?

"Kí lo ṣe látàárọ̀?" ó bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ni mo ṣe."

Bẹ́ẹ̀ náà kọ́ ni gbogbo ọ̀lẹ ń wí?

Ogun wá dé. Àwọn Sófíẹ̀tì ń bá Jámánì jà, ọkọ̀ náà, tó jẹ́ ti àwọn Sófíẹ̀tì, sì lọ sójú ogun pẹ̀lú ogójì ọkùnrin nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ ọ̀tá lé wọn, wọ́n sá wọ ìsàlẹ̀. Sàfẹ́lì, ọ̀gá ọkọ̀, ní kí ẹnikẹ́ni má fọhùn.

"Wọ́n wà lórí wa gan-an," ni Tíkónì sọ wúyẹ́wúyẹ́. Òun ló ń fetí sí ohun tó ń lọ lókè. "Àwọn náà ń tẹ́tí sí wa."

Dísẹ́ẹ̀lì dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sùn. Ìfura loògùn àgbà, ó wí lọ́kàn ara rẹ̀. Ó fẹ́ ká ọ̀lẹ yìí mọ́ orí oorun. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kì í lajú láìmí, ó bá fa èémí kan ṣoṣo.

Èémí kan yẹn gbé afẹ́fẹ́ ogójì ènìyàn mì. Ariwo sọ, pa-pa-pa-pa, àwọn ọkùnrin sì di ọ̀fun mú. Dísẹ́ẹ̀lì lajú, ó rí Bátìrì: ó ń ṣiṣẹ́, ó ti rù, oúnjẹ ikùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Wọ́n ti gbọ́ wa."

Àdó olóró bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti òkè. Sàfẹ́lì sáré pa Dísẹ́ẹ̀lì lẹ́nu mọ́. Ìwọ̀nba okun tó kù sí Bátìrì lára ló fi wọ́ wọn jáde kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi rí ibi tí wọ́n ti lè yọrí síta, kí wọ́n mí. Ìtìjú bá Dísẹ́ẹ̀lì gidigidi.

"Ta ló jí ọ?" ni Sàfẹ́lì bi í.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mo rò pé Bátìrì kì í ṣiṣẹ́ ni."

"Ó dáa. Láti òní lọ, àwa náà á máa fura sí ọ."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ mọ́ Dísẹ́ẹ̀lì nímú kí ọkọ̀ tó wọ ìsàlẹ̀ òkun. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ abẹ́ omi ti ń na ojú kan ṣoṣo sókè, tó ń wo ọ̀tún, tó ń wo òsì, bóyá ọ̀tá wà nítòsí, kí wọ́n tó jí Dísẹ́ẹ̀lì. Ó ṣì ń se oúnjẹ fún àbúrò rẹ̀ dòní, ṣùgbọ́n kò tún bi í mọ́ pé kí ló fi ṣe.