Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n Kó Tó Sọ̀rọ̀

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé àwọn adití. Bí a ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ ló ń kọ́ wọn. Làkúrègbé ti ń mú un ní ìka, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ọwọ́ òun ò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé ilé ìwé náà, ó ya àwòrán ọmọbìnrin kan, ó sì fi ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní Fíláàṣì mú kí àwòrán náà máa ju ọwọ́. Bí ọmọ bá tẹ "omi", ọmọbìnrin inú àwòrán á fi ọwọ́ sọ omi fún un. Irinwó ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀.

Àléébù kan péré ló ní. Kí ọmọbìnrin náà tó sọ ọ̀rọ̀ kankan, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Olùkọ́ wá gbogbo ọ̀nà láti dá a dúró, kò rí i ṣe.

Ìgbà ò lọ bí òréré. Àwọn tó ṣe ètò tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì kéde pé àwọn ò ní gba Fíláàṣì mọ́, pé olè lè gba inú rẹ̀ wọlé, pé ohun tó sàn jù ú ti dé. Wọ́n fún aráyé ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta láti palẹ̀ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni yìí fi ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bínú. Ó já kọ̀ǹpútà mẹ́jọ tó wà nílé ìwé kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ohun tuntun má baà wọ inú wọn, ó sì lẹ páálí mọ́ wọn lára pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n.

Ṣùgbọ́n ìbàjẹ́ ò mọ̀wé kà. Wọ́n ń bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku ẹyọ kan. Kí ni olùkọ́ ṣe? Ó da aṣọ bò ó, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó ń pa ẹ̀kọ́ mọ́ fún àwọn ọmọ, àwọn ọmọ ò sì rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ìka rẹ̀ ti le, kò lè fọwọ́ kọ́ wọn mọ́, odidi ọdún kan ni àwọn ọmọ tuntun fi jókòó lásán. Àánú wọn ń ṣe mí títí dòní.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná mànàmáná dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, ó jó ẹyọ kan náà. Olùkọ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún.

Obìnrin tó ń se oúnjẹ ilé ìwé rí i. Adití ni òun náà, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ lójú kọ̀ǹpútà yẹn. Ó fi ọwọ́ bi í pé, "Ta ló kú, ọ̀gá?"

Olùkọ́ na ìka tó ti le sí yàrá náà, ó fi tipátipá fọwọ́ sọ pé, "Ẹ̀kọ́ ló kú."

Obìnrin náà nu èlùbọ́ ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. Ó pe àwọn ọmọ tuntun jọ, ó bẹ̀rẹ̀: omi, iyọ̀, ìyá, òjò. Kò sí ọ̀kan nínú irinwó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá sì fẹ́ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbà yẹn lojú olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ó rántí pé bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ aránṣọ tó jẹ́ adití ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹni tó ń lẹ táyà, ọmọ ilé ìwé òun sì ni àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi fóònù ya fídíò obìnrin náà, wọ́n gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ sì ń wò ó lórí fóònù ìyá wọn. Olùkọ́ bẹ̀ ẹ́ kó yọ gbígbọ̀n yẹn kúrò. Ó kọ̀. Ó ní bí àwọn ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Abíọ́nà, ìwọ ni mo ń bá wí. Láti àárọ̀ lo ti jókòó tì mí, tí ò ń sọ pé taipuráítà ti kú, pé ilé ẹ̀kọ́ tí o ti ń kọ́ni ní títẹ̀ ẹ́ ti di òfo, pé o ò wúlò mọ́. Taipuráítà ti kú lóòótọ́, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tó bá mi tẹ lẹ́tà lánàá ò wo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà. Bó bá sì tẹ ìlà kan tán, ọwọ́ òsì rẹ̀ á fò sókè bí ẹni fẹ́ ti nǹkan. Mo bi í pé kí ló ń tì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní irin taipuráítà tí a máa ń tì bí ìlà bá parí ni, ọ̀dọ̀ rẹ lòun ti kọ́ ọ. Dìde, lọ ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ìlú yìí kún fún àwọn tó ní kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń fi ìka kan ṣoṣo wá lẹ́tà kiri bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo.