Ẹni Tó Sun Odó

"Ó sun odó tán, ó ń retí iyán." Àwọn èwe ìsinsìnyí ń pa á lówe. Mo bi wọ́n pé ta ni orí rẹ̀ pé tí yóò sun odó? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn kò mọ̀ ọ́n. Ẹni kan sun ún.

Fájìnmí ni Baálẹ̀ Òkè-Ìṣin. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó bí, Àwẹ̀ró. Àwọn ará Ìdó-Àyán ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀. Ní Òkè-Ìṣin, àna kì í mú ìyàwó lọ láìjẹ iyán ilé rẹ̀.

Kí ọjọ́ náà tó pé, Jìnádù eléèédú ti ìrìn àjò dé. Ó ní òun dé ìlú tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ màlúù dáná. Ó ní àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń dáná sínú yàrá láìgbé ìkòkò kà á. Òtútù ni wọ́n ń lé.

"Ìdó-Àyán ńkọ́?" Baálẹ̀ ló bi í.

"Wọ́n ń jó igi níbẹ̀! Èéfín wọn pọ̀ débi pé ẹyẹ ń wúkọ́."

"Àwa ńkọ́?"

"Baba, mo ti kọjá ìlú yín kí n tó mọ̀ pé ìlú wà níbẹ̀."

Ó dun Baálẹ̀ wọ eegun. Bí àna kò bá rí èéfín, wọn yóò ní Òkè-Ìṣin kì í jẹun. Ó pàṣẹ kí gbogbo ààrò máa jó láti àárọ̀ di alẹ́, ìkòkò ì báà wà lórí rẹ̀, ì báà má sí.

Ìyá Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ní, "Baálé mi, kí là ń sè?"

"Èéfín."

Igi ìdáná tán. Wọ́n sun àkàbà. Wọ́n sun àpótí ìjókòó. Wọ́n sun ilẹ̀kùn; ewúrẹ́ ń wọlé, ó ń jáde bí onílé. Wọ́n sun odó gbogbo ìlú, àtọmọ odó. Ti Ìyá Àwẹ̀ró nìkan ló kù, ó gbé e pamọ́ sí balùwẹ̀.

Ọjọ́ pé. Ìyá Àwẹ̀ró gbé iṣu kaná, ó lọ pọn omi. Àwọn àna ti dé etí odò, èéfín sì ti ń tán lọ. Baálẹ̀ wá igi títí, ó dé balùwẹ̀. Ó yí odó wọnú iná. Igi àpá ni. Èéfín dúdú bo ìlú.

Àwọn àna wọlé, ojú wọn ń ṣomi.

"Ẹ kú iná o," àgbà wọn ní. "Èéfín yín ju tiwa lọ."

"Ẹ ò tíì rí nǹkan kan," ni Baálẹ̀ wí.

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n fọwọ́.

"Ìyá Àwẹ̀ró, iyán dà?"

"Iṣu ti jinná. Odó ni mò ń wá."

Baálẹ̀ wo iná. Gbogbo wọn bá a wò ó.

"Kò tíì jó dé ìdí," ó ní.

Àgbà àna dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "A dúpẹ́. Bí ọmọ yìí bá bá wa lọ, kí ni yóò sun nílé wa? Òrùlé?"

Wọ́n lọ. Àwẹ̀ró wo ẹ̀yìn wọn títí wọ́n fi wọnú èéfín baba rẹ̀.

Baálẹ̀ kò dìde. Ọbẹ̀ ń tutù níwájú rẹ̀.

"Kí lẹ tún ń dúró dè?" Ìyá Àwẹ̀ró bi í.

"Mo ti fọwọ́," ó ní.

Obìnrin náà yíjú sí ewúrẹ́ tó dúró láàárín ilé.

"Ó sun odó tán," ó wí fún un, "ó ń retí iyán."