Koríko Àjèjì Oko Ọ̀ṣúnlékè

A-kì-í-bèèrè-orúkọ-àlejò-kó-tó-mumi ló dá Ifá fún Ọ̀ṣúnlékè, àgbẹ̀ oníṣu, nígbà tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ nítorí ìyàwó rẹ̀. Yèbó ni ìyàwó náà ń jẹ́, ọmọ Tápà ni. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta dé, kò lè jẹun. Ó fọwọ́ kan iyán, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mu ẹ̀kọ, ó bì í. Ó rù kan egungun.

Wọ́n ní kí Ọ̀ṣúnlékè rú ẹyẹlé méjì, iyọ̀, àti ọkọ́ tó fi ń roko. Wọ́n ní ohun tí kò gbìn, tí kò sì mọ̀, kó má tu ú títí yóò fi mọ orúkọ rẹ̀. Ẹyẹlé àti iyọ̀ kò ṣòro. Ọkọ́ ló wò títí, nítorí àgbẹ̀ tó bá fi koríko sílẹ̀ láàárín ebè, ọ̀lẹ ni ayé ń pè é. Ó rú u ṣá.

Ọwọ́ lásán ló wá fi ń roko. Ó ń yẹ koríko wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí eéran ni, ó tu ú. Èyí ẹ̀ẹ̀kan ni, ó tu ú. Ó wá kan ọ̀kan lẹ́bàá ahéré, ó ti ga dé orúnkún. Ewé rẹ̀ jọ ti àgbàdo, kì í ṣe àgbàdo. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó jẹ ẹ́ wò. Ó bi gbogbo ará oko, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ògúngbadé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àjèjì kan ń bẹ nílé rẹ, o tún ń tọ́jú òmíràn lóko.” Ó gbé ọkọ́ tirẹ̀ sókè.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀.”

Ògúngbadé mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Koríko náà ga ju ènìyàn lọ. Ó yọ orí márùn-ún, gígùn bí ìrù ológbò. Ẹyẹ ẹga mọ̀ ọ́n kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀ṣúnlékè rọra mú Yèbó lọ wò ó, bóyá yóò pa á lẹ́rìn-ín. Ẹkún ni obìnrin náà bú sí.

“Bàálé mi, jéró ni, ọkà ilẹ̀ Tápà. Oúnjẹ ìyá mi ni. Àpò ẹ̀pà tó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, ibí ni mo ti gbọn ọ́n. Èso jéró ti ní láti wà nínú rẹ̀.”

Wọ́n yan ẹ̀kúnwọ́ kan lórí àpáàdì. Yèbó jẹ ẹ́, ó sì dúró nínú rẹ̀. Kó tó jẹ orí mẹ́rin tán, ọ̀fun rẹ̀ ti ń gba iyán. Karùn-ún ni wọ́n fi ṣe irúgbìn. Nígbà tí oṣù pé, ó bí ọmọbìnrin. Ògúngbadé ló kọ́kọ́ gbé igbá wá tọrọ irúgbìn jéró.

Mo bi ọ̀gá mi tó kọ́ mi ní Ifá léèrè rí pé kí ló dé tí Ifá kò kúkú pe jéró lórúkọ. Ó ní kí ni Ọ̀ṣúnlékè ì bá fi orúkọ ohun tí kò rí rí ṣe?

Ọ̀ṣúnlékè gbọ́ ìmọ̀ràn, ó rúbọ, ẹbọ sì fín. Ọwọ́ tó gbé ọkọ́ sílẹ̀ náà ló ráyè gbé ọmọ.