Ọ̀gá Tí Kò Wọn Afẹ́fẹ́ Mọ́

Ọkùnrin kan ń bẹ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi gáàsì yọ́ gíláàsì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wọn bí gáàsì ṣe wúwo tó. Mítà rẹ̀ ń fi gáàsì wé afẹ́fẹ́, ọgọ́rùn-ún sì ni ti afẹ́fẹ́. Gáàsì tí kò bá tó ọgọ́rùn-ún fúyẹ́, òkè ló ń lọ. Èyí tó bá jù ú lọ wúwo, á lọ ba sí ìsàlẹ̀ kòtò.

Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un: láràárọ̀, kó kọ́kọ́ fún mítà ní afẹ́fẹ́ lásán, kó wo iye tí yóò pè é, kó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ àṣìṣe mítà náà sára ògiri. Ọdún méje ló fi ṣe é. Ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀gá, ó ní òun àti mítà ti mọwọ́ ara àwọn, ló bá jáwọ́. Ọ̀gá ti dé nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, páìpù gáàsì jò nínú kòtò tó gbà kọjá. Wọ́n ti gáàsì pa. Àbúrò ìyàwó ọ̀gá ni wẹ́dà tí yóò wọlé lọ jó o pọ̀. Mítà ka mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Ọ̀gá ní gáàsì náà fúyẹ́, ó ti bá òkè lọ, kí wẹ́dà máa sọ̀kalẹ̀.

Wẹ́dà gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣó dá yín lójú?"

Ìbéèrè yẹn gún ọ̀gá láyà. Ó wo ògiri: ṣọ́ọ̀kì ti parẹ́, aláǹtakùn ti takùn sí i. Ojú ń tì í, torí gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń wò ó, síbẹ̀ ó yọ ọ̀pá gáàsì kúrò lára mítà, ó fún un ní afẹ́fẹ́. Abẹ́rẹ́ gbọ̀n lọ sílẹ̀, ó dúró sórí méjìléláàdọ́rùn-ún. Mítà ń fi mẹ́jọ dín gbogbo nǹkan kù! Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, inú kòtò níbẹ̀ ló wà.

Wẹ́dà kò dúró gbọ́ èsì, ó ti dé ìsàlẹ̀, ó ti mú ìṣáná sọ́wọ́.

"Má ṣá a! Èmi ni mo ṣì í wọ̀n!"

Wẹ́dà gòkè wá. Ọ̀gá mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ mẹ́jọ sára ògiri.

Bàbá Ṣọlápé, ẹ sọ fún mi láàárọ̀ pé ẹ ti wọn ìyàwó ọmọ yín, pé kò kájú ìwọ̀n, kó kẹ́rù rẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ má wọ̀n ọ́n o. Àmọ́ mélòó ló wà lára ògiri tiyín? Ẹ lọ kọ ọ́ ná, kẹ́ ẹ tó ní kí ọmọ ọlọ́mọ sọ̀kalẹ̀.